Ìdánwò Lẹ́tà Láìkọ Lẹ́tà

Ní ọ̀pọ̀ yunifásítì wa lónìí, ìdánwò kan wà tí akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìn-ín-ní ń ṣe kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ó gbọ́ bí a ṣe ń kọ lẹ́tà, ìròyìn iṣẹ́ àti mínítì ìpàdé. Á wọ gbọ̀ngàn kọ̀ǹpútà, á tẹ nọ́ńbà rẹ̀, ìbéèrè á yọ sí i lójú: èwo nínú mẹ́rin yìí ló yẹ ká fi parí lẹ́tà sí ọ̀gá ilé-iṣẹ́? Á tẹ A, tàbí kó tẹ C. Kí wákàtí kan tó pé, ó ti jáde, ó ti ń wá ohun tó máa jẹ. Kò kọ gbólóhùn kan ṣoṣo. Ó sì lè gba ọgọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún.

GST 111 ni ẹ̀kọ́ yìí ń jẹ́ ní yunifásítì. Ní ilé-ẹ̀kọ́ gbogboniṣe, GNS ni wọ́n ń pè é: 101 àti 102 lọ́dún àkọ́kọ́, 201 àti 202 lọ́dún kejì. Àjọ NUC ló gbé ti yunifásítì kalẹ̀. NBTE, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1977, ló ń mójú tó ti gbogboniṣe. Ẹni tó bá ka ìwé ètò ẹ̀kọ́ wọn á rí i pé kò sí ohun tí wọ́n gbàgbé. Lẹ́tà wà níbẹ̀, mẹ́mò wà níbẹ̀, CV àti ìròyìn iṣẹ́ kò gbẹ́yìn. Ibi tí wàhálà wà ni pé kíláàsì kan lè kó ọgọ́rọ̀ọ̀rún akẹ́kọ̀ọ́ jọ, àwọn mìíràn á dúró sójú fèrèsé, olùkọ́ kan á sì máa pariwo níwájú. Ta ló fẹ́ ka ọgọ́rọ̀ọ̀rún lẹ́tà, kó fi bírò pupa sàmì sí i, kó dá a padà, kó tún gba àtúnkọ rẹ̀? N kò bá olùkọ́ wí. Kọ̀ǹpútà ló gbà á sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí kọ̀ǹpútà ń dánwò níbẹ̀ kì í ṣe ìwé kíkọ.

Èyí tó wá ń pa mí lẹ́rìn-ín ni pé ọmọ girama ń kọ̀wé ju akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì lọ. WAEC, tó ti wà láti 1952, ṣì ń ní kí akẹ́kọ̀ọ́ jókòó kọ àròkọ Gẹ̀ẹ́sì tó tó nǹkan bí ọ̀rọ̀ 450, lẹ́tà sì sábà máa ń wà lára ohun tó lè mú. Ọ̀nà mẹ́rin ni wọ́n ń pín máàkì 50 àròkọ náà sí: 10 fún ohun tí ọmọ náà ní í sọ, 10 fún bó ṣe tò ó, 20 fún èdè tó fi sọ ọ́, 10 fún àṣìṣe tí kò ṣe. Ẹ wò ó dáadáa. Bí a ṣe sọ ọ̀rọ̀ gba ìlọ́po méjì ohun tí a sọ. Ọmọ tó bá gbọ́n á tètè mọ ibi tí owó wà. Á kó gírámà ńláńlá jọ láti SS1, á há a sórí, á sì gbé e wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì. Níbẹ̀, kò sí ẹni tó máa bi í pé kí ló fẹ́ fi ṣe.

Gírámà ńlá yìí kò ṣàdédé wọlé tọ̀ wá. Nígbà ìjọba amúnisìn, aláìmọ̀wé tó bá ní ẹjọ́ níwájú Ajẹ́lẹ̀, tàbí tó fẹ́ bẹ̀bẹ̀ fún ilẹ̀ tàbí fún ọmọ rẹ̀ tó wà lẹ́wọ̀n, á gba ọ̀dọ̀ akọ̀wé lẹ́tà lọ. Á ro ẹjọ́ rẹ̀ ní Yorùbá, á sanwó, akọ̀wé á sì sọ ọ́ di Gẹ̀ẹ́sì. Oníbàárà kò lè ka ohun tó rà. Gígùn ìwé àti bí gírámà rẹ̀ ṣe ń ró nìkan ló lè fi díwọ̀n iṣẹ́ náà, akọ̀wé tó bá kọ ọ́ ní ṣókí á sì dà bí ẹni tó rẹ́ ènìyàn jẹ. Ní 1915 ìjọba ṣòfin lé iṣẹ́ wọn lórí. Òfin náà ní ẹnikẹ́ni tó bá bá aláìmọ̀wé kọ lẹ́tà tàbí ìwé àdéhùn gbọ́dọ̀ kọ orúkọ àti àdírẹ́sì tirẹ̀ náà sí i. Bó bá ti kọ orúkọ rẹ̀, ó ti jẹ́rìí nìyẹn pé ohun tí oníbàárà rán òun ni òun kọ, àti pé òun kà á, òun sì túmọ̀ rẹ̀ sí i létí kó tó tẹ̀ka. Àwọn lọ́yà ṣì ń fi òfin yìí já ìwé ilẹ̀ dànù ní kóòtù títí dòní. Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an, torí ó béèrè ohun tí ìdánwò GST kò béèrè: ṣé ohun tó wà lórí ìwé ni ohun tí ẹni tó ni ọ̀rọ̀ fẹ́ sọ?

Ibòmíràn tí gírámà náà ti wá ni ọ́fíìsì ìjọba. Ní 1947 ni Yaba College of Technology bẹ̀rẹ̀ ní Yábàá, lẹ́yìn tí kọ́lẹ́ẹ̀jì gíga tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ kógbá wọlé, ibẹ̀ àti irú rẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ akọ̀wé ọ́fíìsì ti gbẹ̀kọ́. Wọ́n kọ́ ìkọ̀wé aláyárakọ ti Pitman, èyí tí Isaac Pitman gbé jáde nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1837. Wọ́n kọ́ títẹ̀ lórí táípúráítà. Wọ́n sì kọ́ àwọn gbólóhùn tí lẹ́tà ìjọba kò gbọ́dọ̀ ṣaláìní, pé wọ́n pàṣẹ fún mi láti sọ fún yín, pé ọ̀rọ̀ òkè yìí ni mo ń tọ́ka sí, pé èmi ni ìránṣẹ́ yín onígbọràn. Ẹ̀ka tó ń kọ́ wọn ní gbogbo èyí ti yí orúkọ padà. Office Technology and Management ni wọ́n ń pè é báyìí, táípúráítà sì ti di ohun ìrántí. Àwọn gbólóhùn yẹn kò bá a lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n bí lẹ́yìn 2000 ṣì ń kọ wọ́n wọ̀ọ̀rọ̀wọ̀.

Àwọn tí a gbà á lọ́wọ́ wọn, ó ti sú wọn tipẹ́. Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, ilé-iṣẹ́ tó ń mójú tó ìṣúra ìjọba ní Lọ́ńdọ̀nù bẹ Sir Ernest Gowers, òṣìṣẹ́ àgbà kan, pé kó kọ ìwé tí yóò kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba bí wọn yóò ṣe máa kọ̀wé tó máa yé ará ìlú. Plain Words ni ìwé náà ń jẹ́. Ó jáde ní 1948, ọdún kan náà tí kọ́lẹ́ẹ̀jì yunifásítì bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn. Ohun tí Gowers ń wí kò ju èyí lọ: mọ ohun tí o fẹ́ sọ, ro ti ẹni tó máa kà á, lo ọ̀rọ̀ tó mọ̀, má sì lò jù bó ṣe yẹ lọ. Ìwé òṣìṣẹ́ ìjọba ni, síbẹ̀ àwọn ènìyàn ń rà á bí ìwé ìtàn, nígbà tó sì di 1954 wọ́n pa á pọ̀ mọ́ èkejì rẹ̀ di ẹyọ kan. Nígbà tí onílé ń palẹ̀ àga àtijọ́ mọ́ kúrò nínú pálọ̀ rẹ̀, àwa tí a yá a lọ́wọ́ rẹ̀ ń ran aṣọ tuntun sí i.

Amẹ́ríkà náà gba ọ̀nà yìí. Ní 1998 àjọ tó ń ṣọ́ ọjà ìpín-ìdókòwò níbẹ̀ ṣe ìwé ìtọ́sọ́nà fún àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá, Warren Buffett ló sì kọ ọ̀rọ̀ ìṣáájú rẹ̀. Ó ní bí òun bá ń kọ ìròyìn ọdọọdún ilé-iṣẹ́ òun, òun a máa ṣe bí ẹni ń bá Doris àti Bertie, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò òun obìnrin, sọ̀rọ̀. Ó ní ọlọ́gbọ́n ènìyàn ni wọ́n, àmọ́ wọn kì í ṣe oníṣirò owó. Ní 2010 ni Ààrẹ Obama fọwọ́ sí òfin tó ní kí ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà máa kọ̀wé tó yé mẹ̀kúnnù. Buffett, ọkùnrin tó wà lára àwọn tó lówó jù láyé, kọ̀wé bí ẹni ń sọ̀rọ̀ lórí tábìlì oúnjẹ. Ọmọ HND wa tó ń wá iṣẹ́ ní Ìkẹjà ń kọ̀wé bí ẹni ń jíṣẹ́ fún Gómìnà-Àgbà.

Ẹnìkan lè sọ pé ọ̀wọ̀ ni, pé ọmọ Yorùbá kì í já wọ ọ̀rọ̀ lójijì. Òótọ́ ni. A ó kí, a ó bèèrè ilé àti ọmọ, ká tó tẹnu bọ ohun tó gbé wa dé. A tún ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí. Tó bá dé inú rẹ̀, á di odidi. N kò rò pé ó yẹ ká sọ ìyẹn nù. Bí mo bá lọ kí baálé ilé kan nípa ilẹ̀, bẹ́ẹ̀ gan-an ni màá ṣe. Ṣùgbọ́n baálé ilé ń wo ojú mi, ó mọ bàbá mi, ó lè bi mí léèrè ohun tí kò yé e. Akọ̀wé tó jókòó síwájú fáìlì igba kò mọ ojú mi. Bí mo bá fi àbọ̀ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí i, àbọ̀ náà ló máa wà títí.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀ràn kan tó wọ́pọ̀ láàárín akẹ́kọ̀ọ́ wa: máàkì tó sọnù. Ọmọ ṣe ìdánwò, èsì jáde, àyè ẹ̀kọ́ kan ṣófo. Wọ́n ní kó kọ lẹ́tà. Àdírẹ́sì méjèèjì á wà níbi tó yẹ. Lẹ́yìn náà, ìpínrọ̀ kìn-ín-ní á sọ pé pẹ̀lú ọ̀wọ̀ àti ìrẹ̀lẹ̀ ọkàn ni òun fi lo àǹfààní yìí láti mú ọ̀rọ̀ tó ká òun lára wá síwájú ọ́fíìsì yín tó ga lọ́lá. Ìpínrọ̀ kejì á sọ pé òun jẹ́ ọmọ tó ń ṣiṣẹ́ takuntakun, pé opó ni ìyá òun. Ìpínrọ̀ kẹta ni máàkì ti máa yọjú, láìsí orúkọ ẹ̀kọ́ náà. Ìkẹrin á gbàdúrà fún gbogbo ẹ̀ka. Bàbá tó bá kà á á káàánú rẹ̀. Kò kàn ní mọ ohun tó máa ṣe sí i ni.

Bẹ́ẹ̀ lẹ́tà yìí kò ní dé ọwọ́ ẹnìkan ṣoṣo. Ní ilé-ẹ̀kọ́ wa, a máa ń darí rẹ̀ gba ọwọ́ olùdámọ̀ràn kíláàsì, gba ọwọ́ HOD, gba ọwọ́ Díìnì, kó tó dé ọ̀dọ̀ Rẹ́jísírà. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó máa kà á délẹ̀. Wọ́n á wo àkòrí, wọ́n á wo ìlà mẹ́ta àkọ́kọ́, wọ́n á kọ nǹkan sí etí rẹ̀, fáìlì á sì kúrò lórí tábìlì. Nítorí náà àkòrí ló gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ jù: ẹ̀bẹ̀ láti wá máàkì ACC 201 tó sọnù, sáà kìn-ín-ní. Lẹ́yìn rẹ̀: orúkọ mi nìyí, nọ́ńbà mi nìyí. Mo ṣe ìdánwò náà ní ọjọ́ báyìí, ní gbọ̀ngàn báyìí, mo sì buwọ́ lu ìwé wíwá. Máàkì rẹ̀ kò sí nínú èsì tó jáde. Mo so ìwé tí mo fi forúkọ sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ náà mọ́ lẹ́tà yìí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi ní kí olùkọ́ tó ni ẹ̀kọ́ náà yẹ àkọsílẹ̀ rẹ̀ wò kí ìgbìmọ̀ tó jókòó. Ẹ ṣeun. Ó parí. Kò sí àfojúdi kankan nínú rẹ̀, ọ̀wọ̀ sì wà níbẹ̀, torí pé a kò fi àkókò àgbà ṣòfò. (Kí ẹni tó ń kọ ọ́ má sì gbàgbé láti mú ẹ̀dà kejì dání, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ ọjọ́ tí wọ́n gbà á sí i lára. Mo mọ ọ̀pọ̀ tí ẹ̀dà yìí nìkan gbà sílẹ̀.)

Ìwé kan wà tó le ju èyí lọ, tí mi ò tíì rí ẹ̀ka tó fi ọ̀sẹ̀ kan kọ́ni: ìdáhùn sí kúẹ́rì. Ẹni tó bá ṣiṣẹ́ oṣù ní Nàìjíríà, kúẹ́rì yóò kàn án lọ́jọ́ kan, bóyá ó jẹ̀bi, bóyá kò jẹ̀bi. Àwa tí a wà lẹ́nu iṣẹ́ mọ bí ẹ̀rù rẹ̀ ṣe ń ba ènìyàn. Ọ̀pọ̀ á sáré kọ ẹ̀bẹ̀: kí ọ̀gá fi àánú pọ̀ mọ́ ìdájọ́, kò ní ṣẹlẹ̀ mọ́ láé. Wọn kò mọ̀ pé bí ènìyàn bá ti bẹ̀bẹ̀ ní ìlà kìn-ín-ní, ó ti gbà pé òun jẹ̀bi, ìwé náà yóò sì wà nínú fáìlì rẹ̀ títí tí yóò fi fẹ̀yìntì. Kí ló ṣẹlẹ̀, lọ́jọ́ wo, láago mélòó? Ta ló wà níbẹ̀? Iṣẹ́ wo ni wọ́n gbé fún mi, ta sì ni wọ́n gbé ìyókù fún? Ìwé wo ló jẹ́rìí sí i? Bí apá kan bá jẹ́ ẹ̀bi mi, èwo ni, kí ni mo sì ti ṣe láti tún un ṣe? Ẹni tó bá dáhùn àwọn wọ̀nyí lójú ewé kan láìbínú, láìsunkún, ti gba ara rẹ̀ lọ́wọ́ ohun púpọ̀. Ẹni tó bá sì mọ̀ dájú pé òun ló jẹ̀bi, ìlà mẹ́rin tó fún un. Àwíjàre gígùn lẹ́nu ẹlẹ́bi ń bí ọ̀gá nínú ju ẹ̀bi náà lọ.

Ibi tí ìwé kíkọ ti lè gbóná jù ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ni ibi tí a ti ń fi ṣeré jù. Àjọ ITF, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1971, ló bẹ̀rẹ̀ SIWES ní 1973, kí akẹ́kọ̀ọ́ lè lọ fojú rí iṣẹ́ kó tó gba ìwé ẹ̀rí. Gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ tó ń lọ irú iṣẹ́ yìí, tí a ń pè ní IT, ni wọ́n ń fún ní logbook. Ó gbọ́dọ̀ kọ ohun tó ṣe lójoojúmọ́ sí i, kí ọ̀gá ibi iṣẹ́ buwọ́ lù ú. Ẹ wo àǹfààní tó wà níbẹ̀: ìwé kíkọ lójoojúmọ́ fún oṣù mélòó kan, lórí iṣẹ́ gidi, pẹ̀lú ẹni tó mọ iṣẹ́ náà tó ń kà á. Kò sí kíláàsì GNS tó lè fúnni ní irú rẹ̀. Kí ni a ń bá nínú rẹ̀? A tún iná ọ́fíìsì ṣe. A tún iná ọ́fíìsì ṣe. Kò sí iṣẹ́ lónìí. Nígbà mìíràn akẹ́kọ̀ọ́ á fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ di ọ̀sẹ̀ tó gbẹ̀yìn, á wá jókòó ti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí wọn kò jọ ṣiṣẹ́ pọ̀, á dà á kọ. Ọmọ tó bá kọ ọ́ pé wáyà wo ni wọ́n lò, pé ó gùn tó mítà mélòó, pé fíùsì jó lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó mọ̀ pé ibi báyìí ló ti ń kan ara, ti kọ́ bí a ṣe ń kọ ìròyìn iṣẹ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá bi í ní ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ohun tó ṣe ní IT, kò ní máa wo òkè àjà.

Láti ìparí 2022 ni ChatGPT ti dé, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ sì ti rò pé ọ̀rọ̀ parí. Ẹni tó bá ń gba lẹ́tà ìwáṣẹ́ mọ̀ pé gbogbo wọn ti ń jọra: kò sí àṣìṣe, kò sì sí ènìyàn níbẹ̀. Ní oṣù kẹrin 2024, Paul Graham, ọ̀kan lára àwọn tó dá ilé-iṣẹ́ adókòwò Y Combinator sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, kọ ọ́ sórí X pé ẹnìkan fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí òun, àti pé ọ̀rọ̀ náà «delve» tó wà nínú rẹ̀ ló tú u fó pé ẹ̀rọ ló kọ ọ́. Àwọn ọmọ Nàìjíríà gbaná jẹ. Wọ́n ní irú Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n kọ́ wa nílé-ẹ̀kọ́ nìyẹn, pé àwa ti ń lò ó kí ẹ̀rọ tó dé. Wọ́n kò parọ́, mo sì bá wọn bínú nígbà náà, torí ìwọ̀sí ni kí ẹni tí kò mọ̀ wá máa fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo dá wa lẹ́jọ́. Síbẹ̀ ìbínú kò gba iṣẹ́ fún ẹnikẹ́ni. Bí Gẹ̀ẹ́sì wa àti ti ẹ̀rọ bá ti jọra tó bẹ́ẹ̀, ohun tí ẹ̀rọ kò mọ̀ nìkan ló lè yà wá sọ́tọ̀: pé mo bá ìyá mi ta elùbọ́ ní Bódìjà fún ọdún mẹ́ta, mo sì ń kọ gbèsè oníbàárà sílẹ̀ lálaalẹ́. Ìlà kan báyìí nínú lẹ́tà ìwáṣẹ́ sí báńkì sàn ju ìpínrọ̀ márùn-ún tó ń pariwo pé aláápọn ni mí.

Ohun kan tún kù tí mo fẹ́ fi kàn. Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni a ń kọ́ nínú gbogbo èyí, bí ẹni pé kò sí ẹni tó ń fi Yorùbá ṣiṣẹ́. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wà káàkiri ilẹ̀ wa. Yorùbá ni ọ̀pọ̀ nínú wọn fi ń ṣe ìpàdé, Yorùbá náà ni akọ̀wé wọn fi ń kọ mínítì, owó tó sì wà nínú ìwé náà kì í ṣe kékeré. Ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 gbà pé kí Ilé Aṣòfin Àpapọ̀ fi Yorùbá jíròrò bí ètò bá wà fún un, ó sì fún ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ láyè bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn lẹ́tà gbẹ̀fẹ́ àti àìgbagbẹ̀fẹ́ ní girama, ibo ni ènìyàn ti lè kọ́ mínítì, àdéhùn ilé tàbí ìwé ẹ̀sùn ní Yorùbá tó já gaara? Ilẹ̀ tí Ìwé Ìròyìn ti bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní Yorùbá ní 1859, ní Abẹ́òkúta, kò yẹ kó máa bi ara rẹ̀ ní irú ìbéèrè yìí. Ẹ̀ka Yorùbá àti ẹ̀ka iṣẹ́ ọ́fíìsì ní gbogboniṣe lè jókòó pọ̀ lórí rẹ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́ GNS, mo mọ iye akẹ́kọ̀ọ́ tó wà níwájú yín. Ẹ fi ìdánwò kọ̀ǹpútà sílẹ̀ bó ṣe wà. Lẹ́ẹ̀kan péré ní sáà kan, ẹ gba lẹ́tà ojú ewé kan lọ́wọ́ ọmọ kọ̀ọ̀kan, ẹ pín in fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ HND láti bá yín kà, ẹ dá a padà, kí ẹ sì gba àtúnkọ rẹ̀. Àtúnkọ ni kí ẹ máàkì. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ má dúró dè wọ́n. Bí báńkì bá ti yọ owó yín lọ́nà tí kò yẹ rí, ọ̀ràn yín ti wà nílẹ̀ nìyẹn. Ẹ kọ̀wé sí wọn lọ́sẹ̀ yìí: iye tí wọ́n yọ, ọjọ́ tí wọ́n yọ ọ́, ohun tí ẹ fẹ́ kí wọ́n ṣe, kó má ju ojú ewé kan lọ. Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá tí wọn kò yanjú rẹ̀, CBN ní ẹ̀ka tó ń dáàbò bo oníbàárà. Ẹ so ẹ̀dà lẹ́tà àkọ́kọ́ mọ́ òmíràn, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí ẹ̀ka náà.